Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Tequila àti Wísíkì Tó Pẹ́ Nínú Àgbá, àti Bí Ẹ Ṣe Máa Tọ́ Ọ Wò

Nọ́ńbà ọdún ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra ọtí olówó ńlá kọ́kọ́ ń wò lára ìgò. Wọ́n á rí 18, wọ́n á ní ó dáa ju 12 lọ. Ọdún ṣe pàtàkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dá iṣẹ́ náà ṣe. Irú àgbá tí wọ́n rọ ọtí náà sí, bí ilé tí wọ́n kó àgbá sí ṣe gbóná tó, àti bí ọtí fúnra rẹ̀ ṣe rí kó tó wọnú igi, àwọn wọ̀nyí ló ń pinnu ohun tó máa bọ́ sẹ́nu yín. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n kò ní máa sanwó fún páálí aláràbarà àti ìtàn ẹ̀yìn ìgò.

Ohun tí igi ń ṣe

Nígbà tí wísíkì tàbí tequila bá kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò, funfun ni, ó mọ́ gaara bí ogógóró. Inú àgbá igi óákù ló ti ń pọ́n. Igi yẹn ló ń fún un ní òórùn fanílà, àgbọn, kànáfùrù àti ṣúgà tó jóná díẹ̀. Bí wọ́n bá finá jó inú àgbá náà, èédú rẹ̀ máa ń fa òórùn burúkú bíi ti imí-ọjọ́ kúrò. Afẹ́fẹ́ tó ń gba ara igi wọlé náà ń bá tirẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, títí ọtí tó ń ta ni lọ́fun tẹ́lẹ̀ fi máa rọ̀.

Òfin Amẹ́ríkà sọ pé àgbá óákù tuntun tí wọ́n finá jó nínú ni bourbon, wísíkì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbọ́dọ̀ wà. Àgbá tí wọ́n sábà ń lò gba nǹkan bí 200 lítà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lò ó lẹ́ẹ̀kan, kò wúlò fún bourbon mọ́, nítorí náà wọ́n ń tà á fún àwọn ará Scotland, Ireland àti Jalisco ní Mexico, níbi tí wọ́n ti ń ṣe tequila. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń gbóòórùn bourbon díẹ̀ nínú tequila àti nínú Scotch, ìyẹn wísíkì Scotland. Àgbá tuntun máa ń tú adùn igi sílẹ̀ kíákíá. Èyí tí wọ́n ti lò lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta máa ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bourbon ọdún 10 lè ti kún fún igi dé góńgó, nígbà tí Scotch inú àgbá àlòkù lè lo 20 ọdún kó tó gbó dáadáa.

Ooru tún wà níbẹ̀. Ní Scotland, nǹkan bí 2% ohun tó wà nínú àgbá ló ń fẹ́ lọ lọ́dọọdún. Ní Kentucky, ilẹ̀ bourbon ní Amẹ́ríkà, àti ní Jalisco, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí oòrùn ń mú. Ní àjà òkè àwọn ilé ìkẹ́rùsí Kentucky, omi ló máa ń tètè fẹ́ lọ ju ọtí lọ, agbára ọtí náà á wá máa ròkè. Ní Scotland, ṣe ló ń sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ọdún 5 tequila wé ọdún 5 Scotch. Tequila tó bá ti lo ọdún 5 nínú àgbá ti di àgbàlagbà.

Bí ọtí bá sì pẹ́ jù nínú igi, ó ń bàjẹ́ lọ́nà tirẹ̀. Ẹnu á gbẹ, ahọ́n á sì fún pọ̀ bí ìgbà téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ obì. Èyí burú fún tequila ju fún wísíkì lọ, torí pé ohun tí ẹ sanwó fún nínú tequila ni agave, ewéko tó máa ń lo ọdún 5 sí 8 nínú oko kí wọ́n tó gé e. Bí igi bá ti gbé agave náà mì, kò sí ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti wísíkì, ẹ ò bá kúkú ti ra wísíkì.

Ìgò tequila: ẹ yí i padà, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ wá «100% de agave». Bí kò bá sí níbẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n ti lú ṣúgà mìíràn mọ́ ọn. Òfin gbà wọ́n láàyè kí ṣúgà tí kì í ṣe ti agave tó 49%. Irú ìgò bẹ́ẹ̀ kò yẹ lówó ńlá, bó ti wù kó dàgbà tó.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni NOM, nọ́ńbà mẹ́rin tó ń sọ ilé ìpọntí tí ọtí náà ti wá. Lójú tiwa, nọ́ńbà yìí ló wúlò jù lára gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára ìgò tequila. Orúkọ ọtí lè pọ̀ bí yanrìn, ilé ìpọntí kan náà lè máa pọn orúkọ bí ogún. 1139 ni ti La Alteña ní Arandas, ibi tí El Tesoro àti Tapatio ti ń wá. 1493 ni ti Fortaleza, ní ìlú Tequila gan-an. Bí ẹ bá rí ìgò tuntun tó ní òun ṣọ̀wọ́n, ẹ wá NOM rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ wo ohun mìíràn tó ń jáde nílé yẹn. Bó bá jẹ́ pé ọtí pọ́ọ́kú ni gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ bi ẹni tó ń tà á ohun tó fi tirẹ̀ yàtọ̀.

Ìpele rẹ̀ ló kù. Reposado ti lo oṣù 2 ó kéré tán nínú igi. Añejo ti lo ọdún 1 ó kéré tán nínú àgbá tí kò ju 600 lítà lọ. Extra añejo, tí wọ́n dá sílẹ̀ lábẹ́ òfin lọ́dún 2006, ti lo ọdún 3 ó kéré tán. «Extra añejo» lásán kò sọ bóyá ọdún 3 ni tàbí 10, ẹ béèrè. Ẹ béèrè irú àgbá náà pẹ̀lú: ti bourbon ni, ti sherry (wáìnì líle ilẹ̀ Spain) ni, ti cognac (burandí ilẹ̀ France) ni, àbí tuntun? El Tesoro Paradiso, àpẹẹrẹ kan, àgbá cognac ni wọ́n fi ń parí rẹ̀, ó sì hàn nínú òórùn èso gbígbẹ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àfikún wá ńkọ́? Òfin Mexico fàyè gba kí wọ́n fi kárámẹ́ẹ̀lì sí i fún àwọ̀, oje óákù fún òórùn igi, gilisíríìnì kó lè yọ̀ lẹ́nu, àti omi ṣúgà kó lè dùn, bí gbogbo rẹ̀ kò bá ti ju 1% lọ. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n ó tó láti sọ ọtí ọdún 1 di ohun tó ń ṣe bí ọtí ọdún 5. Ẹ dà á kán sí àtẹ́lẹwọ́ kan, kí ẹ fi ọwọ́ kejì pa á títí á fi gbẹ. Bí ọwọ́ bá ń lẹ̀ mọ́ra, ó ṣeé ṣe kí ṣúgà tàbí gilisíríìnì wà níbẹ̀. Bí òórùn rẹ̀ bá dà bíi ti kéèkì fanílà láìsí òórùn agave kankan lábẹ́ rẹ̀, ẹ fura. Èyí kì í ṣe ẹ̀rí tó dúró ní kóòtù, àmọ́ ó ń kìlọ̀ fúnni.

Ìdánwò tó dájú jù lọ kò wọ́nwó. Kí ẹ tó ra extra añejo ilé kan, ẹ kọ́kọ́ ra blanco ilé náà tàbí kí ẹ mu ún nílé ọtí. Blanco kò rí igi, kò níbi tó máa sá pamọ́ sí. Agave tí wọ́n sè dáadáa nínú ààrò bíríkì máa ń ní òórùn bíi ti ọ̀dùnkún sísun, pẹ̀lú ewé tútù, ata àti ọsàn wẹ́wẹ́. Bí blanco wọn bá korò tàbí tó ń rùn bí oògùn, ẹ fi owó yín sápò. Àgbá kì í sọ ọtí burúkú di rere, bíbò ló kàn ń bò ó.

Ní ti cristalino, añejo tí wọ́n fi èédú sẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ lè funfun padà ni. Èédú yẹn kì í mú àwọ̀ nìkan, ó ń kó nínú ohun tí igi fún un lọ. A ò gba ẹni tó fẹ́ mọ adùn àgbá níyànjú pé kó náwó lórí rẹ̀.

Ìgò wísíkì

Bourbon gbọ́dọ̀ ní àgbàdo tó 51% ó kéré tán, Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ti gbọ́dọ̀ ṣe é. Bí ẹ bá rí «straight», ó ti lo ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fi àwọ̀ sí straight bourbon. «Bottled in bond» ti wà láti ọdún 1897: ilé ìpọntí kan, sáà ìpọntí kan, ọdún 4 ó kéré tán nílé ìkẹ́rùsí tí ìjọba ń ṣọ́, agbára 50% géérégé. Ọ̀rọ̀ yẹn ní òfin lẹ́yìn. «Small batch», «reserve» àti «rare» kò ní. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́.

Scotch gbọ́dọ̀ lo ọdún 3 ó kéré tán nínú àgbá óákù ní Scotland. Nọ́ńbà ọdún ara ìgò jẹ́ ti ọtí tó kéré jù nínú àdàlù náà. Ọtí kì í dàgbà mọ́ tó bá ti wọ inú ìgò: Scotch ọdún 12 tí wọ́n rọ sígò lọ́dún 1980 ṣì jẹ́ ọdún 12 lónìí. Wọ́n lè fi kárámẹ́ẹ̀lì sí Scotch, nítorí náà ẹ má ṣe fi pípọ́n rẹ̀ wọn ọjọ́ orí rẹ̀. Ohun tí ẹ máa wá lára ìgò ni «natural colour» (wọn ò fi àwọ̀ sí i), «non chill-filtered» (wọn ò mú un tutù kí wọ́n tó sẹ́ ẹ), agbára tó tó 46% sókè, àti àlàyé nípa àgbá: nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n rọ ọtí sí i, ọjọ́ tí wọ́n dà á sígò, iye ìgò tó jáde. Ilé tó bá kọ gbogbo èyí sílẹ̀ kò ní ohun tó ń fi pamọ́.

Ibi tí ọlọgbọ́n ti ń fowó pamọ́ nìyí. Àwọn kan wà tó máa ń ra àgbá lọ́wọ́ ilé ìpọntí, wọ́n á tọ́jú rẹ̀, wọ́n á rọ ọ́ sígò lórúkọ ara wọn. Gordon & MacPhail ní Elgin ti ń ṣe é tipẹ́, ọdún 1895 ni wọ́n dá a sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 2024 wọn ò rọ ọtí tuntun ilé ìpọntí ẹlòmíràn sí àgbá mọ́; Cadenhead ti wà láti 1842. Ìgò tiwọn láti ilé ìpọntí tí orúkọ rẹ̀ kò gbajúmọ̀ sábà máa ń dín lówó gan-an sí ọtí ọjọ́ orí kan náà tó ní orúkọ ńlá. Bákan náà ni ti bourbon. Gbogbo ayé ń sáré lé Pappy Van Winkle. Láti ọdún 2002, ilé Buffalo Trace ní Frankfort, Kentucky, ló ń pọn ọ́n, àlìkámà ni wọ́n sì ń lò dípò ọkà rye. W. L. Weller ń jáde nílé kan náà, àlìkámà kan náà. Kì í ṣe ọtí kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mọ Weller 12 ti mọ ojú ọ̀nà.

Ayédèrú

Lọ́dún 2017, oníbàárà kan san nǹkan bí 10,000 fránkì ilẹ̀ Switzerland fún ife kékeré kan ṣoṣo ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní St. Moritz, látinú ìgò tí wọ́n kọ Macallan 1878 (orúkọ wísíkì Scotland kan) sí. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé àárín 1970 sí 1972 ni wọ́n ṣe é, àdàlù sì ni. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé ìwádìí SUERC ní Scotland yẹ ìgò 55 wò nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní ògbólógbòó. 21 nínú rẹ̀ ló jẹ́ ayédèrú tàbí tí kì í ṣe ti ọdún tí wọ́n kọ sí i. Kábọ́ọ̀nù ni wọ́n fi mọ̀: bọ́ǹbù átọ́míìkì tí wọ́n ń dánwò láàárín ọdún 1950 sí 1963 fi àmì sínú afẹ́fẹ́, ọkà báálì sì fà á mu.

Ẹ̀yin ò ní irinṣẹ́ yẹn, àmọ́ ojú wà. Ẹ gbé ìgò sí iwájú iná. Bí ọtí bá ti sọ̀ kalẹ̀ sí èjìká ìgò nígbà tí kì í ṣe ìgò àtijọ́, ó ń jò tàbí wọ́n ti ṣí i. Ẹ wo ọ̀rá tó bo ọrùn ìgò: ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ dọ́gba, láìsí gọ́ọ̀mù tó yọ jáde. Ẹ wo kóòdù tí wọ́n tẹ̀ tàbí fín sára gíláàsì nísàlẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ayédèrú máa ń pa á rẹ́. Ẹ fi lẹ́tà lébẹ́ẹ̀lì wé àwòrán tó wà lójú òpó ilé tó ṣe é, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Ní Nàìjíríà, ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Àwọn kan wà tó ń ra òfìfo ìgò olówó ńlá nídìí àríyá, ọtí mìíràn ni wọ́n ń rọ sínú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá mu tiyín tán, ẹ ya lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tàbí kí ẹ fọ́ ọ kó tó kúrò nílé.

Bí ẹ ṣe máa tọ́ ọ wò

Kó má ju ife mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ níjókòó kan, torí imú máa ń rẹ̀. Mílílítà 15 sí 20 tó nínú ife kọ̀ọ̀kan. Ẹ lo ife kékeré tí ikùn rẹ̀ fẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ sún, bíi Glencairn. Ife wáìnì kékeré náà á ṣiṣẹ́. Ife shot kò wúlò fún èyí, torí kò ní ibi tí òórùn máa kó jọ sí. Ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ má fi ọṣẹ olóòórùn sí i. Kò sí yìnyín, kò sí iyọ̀, kò sí ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ fi lọ́fínńdà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ má sì jẹ súyà tàbí ata tó pọ̀ ṣáájú. Búrẹ́dì lásán àti omi tó ni ohun tí ẹ máa fi fọ ẹnu.

Ètò rẹ̀ ni pé kí èyí tó rọ̀ ṣáájú èyí tó le: blanco, reposado, añejo, extra añejo, lẹ́yìn náà bourbon. Wísíkì eléèéfín bíi ti erékùṣù Islay, tí wọ́n fi ilẹ̀ àbàtà gbígbẹ dáná sí ọkà rẹ̀, ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn. Bí ẹ bá mu ún ṣáájú, èéfín nìkan ni ẹ máa rí nínú èyí tó kù.

Ẹ rọ ọ́, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èyí tó ju ọdún 20 lọ lè gba ìṣẹ́jú ogún. Òórùn àkọ́kọ́ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti igi gbígbẹ, èso á tó máa yọjú lẹ́yìn náà. Ẹ má fi ife yí fìrìfìrì bí ẹni ń mu wáìnì, torí ẹ̀mí ọtí ni yóò ta síni nímú. Ẹ gbé e sí abẹ́ àgbọ̀n, ẹ la ẹnu díẹ̀, kí ẹ máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí òórùn á fi dé. Bí imú bá ń ta yín, ẹ ti sún mọ́ ọn jù.

Ẹnu kan àkọ́kọ́, kó kéré, kó kàn bo ahọ́n. Ẹ má dá a lẹ́jọ́: ẹnu ṣì ń bá ọtí líle mọ ara wọn ni. Ìkejì ni kí ẹ fọkàn sí. Ẹ fi sẹ́nu fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kó kan abẹ́ ahọ́n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ẹ gbé e mì tàbí tu ú sínú ife òfìfo, kí ẹ sì mí jáde gba imú. Ẹni tó máa wakọ̀, títu ni kó máa tu ú. Lẹ́yìn náà, ẹ ka bí adùn rẹ̀ ṣe pẹ́ tó lọ́fun, kí ẹ sì wo bó ṣe parí: ó dùn títí dé òpin ni, àbí ó di kíkorò?

Omi wá kàn. Ọtí tó ju 50% lọ fẹ́ omi, òórùn rẹ̀ máa ń là. Ẹ ra sírínjì tuntun ní kẹ́míìsì, kí ẹ yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù. Ẹ sọ mílílítà inú ife di ìlọ́po agbára ọtí náà, ẹ pín in sí agbára tí ẹ fẹ́, kí ẹ wá yọ iye tó wà nínú ife tẹ́lẹ̀. 20 lọ́nà 60, tí a pín sí 48, jẹ́ 25. Omi mílílítà 5 ni ẹ máa fi sí i. Ẹ fi sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa tọ́ ọ wò láàárín, torí omi kò ṣeé yọ padà. Bó bá dà bí ìkùukùu, ẹ má bẹ̀rù: òróró inú rẹ̀ ni, tí wọn ò sẹ́ kúrò. Tequila ológójì kò sábà nílò omi, ṣe ló máa ń ṣá.

Ẹ fi ohun tí ẹ mọ̀ nílé ìdáná yín sọ ohun tí ẹ rí, ẹ má yá ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn. Àgbàdo sísun, oyin, kòkó, ìrèké, ẹ̀pà dídín, agbálùmọ̀, awọ bàtà tuntun: bí ó bá ti rí lójú yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ìgò àti agbára rẹ̀. Àbùkù náà ní òórùn tirẹ̀. Ìṣáná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó tàbí rọ́bà máa ń wá látinú àgbá sherry tí wọ́n fi imí-ọjọ́ tọ́jú. Páálí tó tutù, kọ́ọ̀kì ló bàjẹ́. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Lẹ́yìn tí ẹ bá mu ún tán, ẹ fi òfìfo ife sílẹ̀ láìfọ̀ di àárọ̀, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ọtí á ti fẹ́ lọ, ohun tí igi àti agave fi sílẹ̀ ni yóò kù. Fanílà nìkan nínú ife tequila, láìsí ọ̀dùnkún sísun kankan, jẹ́ ohun tí ẹ máa rántí nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ ra ti ilé yẹn.

Títọ́jú ìgò

Ìgò ọtí líle gbọ́dọ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Wáìnì ni wọ́n ń dùbúlẹ̀. Ọtí 40% máa ń jẹ kọ́ọ̀kì. Ẹ fi í síbi tó ṣókùnkùn tí kì í gbóná, kì í ṣe orí fíríìjì tàbí ojú fèrèsé. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mélòó kan, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá kan kí kọ́ọ̀kì má bàa gbẹ. Ìgò tí ẹ ti ṣí, tó bá ti ku ìdá mẹ́ta kan, ẹ dà á sínú ìgò kékeré tó mọ́ tó máa kún dé ọrùn, torí afẹ́fẹ́ inú ìgò ńlá náà yóò pa òórùn rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀.

Ìgò àtijọ́, ẹ má fa kọ́ọ̀kì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ yí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì ní kọ́ọ̀kì mìíràn tó mọ́ nítòsí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá ṣẹ́ sínú, ẹ fi bébà ìsẹ́ kọfí sẹ́ ọtí náà sínú ìgò mìíràn tó mọ́ tó sì gbẹ, kí ẹ dé e lọ́jọ́ náà gan-an.